Ọtí Nínú Kẹ́ẹ̀gì Àlùwàlá

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ óò fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Orúnkún ló ní kí n sinmi, kì í ṣe ọkàn. Beyerunka ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ti di ọ̀gá, ibẹ̀ náà ni mo sì ti fa sípánà lé Tájù ọmọ mi lọ́wọ́. Láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, Bàbá Kabú ni wọ́n ń pè mí, nítorí kabúrétọ̀, ìyẹn irin kékeré tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ àtijọ́, ni ọwọ́ mi mọ̀ jù.

Ṣẹ̀rífá, ọmọ Tájù, ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, àwọn kan sì ti kọ lẹ́tà sí i pé kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ àti ìrèké ṣe ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ògidì ọtí, tí wọn óò máa dà sínú ọkọ̀ dípò bẹntiróòlù. Ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun alásárì, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwọn kan ń sọ pé epo yìí ló máa gbà wá lọ́wọ́ ọ̀wọ́n epo. Àwọn kan ní ṣe ló máa ba ẹ́ńjìnnì gbogbo wa jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe látìgbà ìwáṣẹ̀, kí lẹ rí sí i?”

Mo mọ èsì ìbéèrè yẹn. Mo ti da ẹtanọ́ọ̀lù sínú ọkọ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì ń rákòrò. Ṣùgbọ́n mi ò lè dáhùn kí n má dárúkọ Músílíù ọ̀rẹ́ mi, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bàjẹ́ nítorí epo náà, tí gbogbo ayé sì gbà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á, mo sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá mi fà mí lé Ọ̀gá Búsàrí lọ́wọ́, wọ́n ṣàdúà, ó parí. Owó tí mo rí nínú iṣẹ́ náà kò pọ̀, kò sì kéré. Ó tọ́ ọmọ, ó kọ́lé. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tó ń sọni di ọlọ́rọ̀ lọ́sàn-án kan òru kan, kó wá ibòmíràn gbà.

Ọ̀gá Búsàrí kì í lu ènìyàn. Ìbá sàn kó máa lù wá. Ó ní ìgò funfun kan tó fi fáìlì fa àmì sí lára ní agbede méjì. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀, yóò bu omi sínú ìgò náà dé ibi àmì, yóò da epo díẹ̀ lé e láti inú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, yóò dí i lẹ́nu, yóò mì í, yóò sì gbé e sílẹ̀. Epo tó mọ́ yóò dúró lókè, omi yóò padà sísàlẹ̀ dé ojú àmì rẹ̀. Tí omi náà bá ga ju àmì lọ, a jẹ́ pé àwọn tó ta epo fún wa ti da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Epo bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ọkọ̀ oníbàárà, bó ti wù kí epo wọ́n tó nígboro.

Ní ọdún kejì mi, mo fojú fo ìgò yẹn lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ń kánjú, mo da epo sínú ọkọ̀ akọ̀wé ìjọba kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Agodi. Ọkọ̀ kú sórí òkè Mápó pẹ̀lú ìyá ọkùnrin náà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í padà wá, Ọ̀gá yọ kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó da ohun tó wà níbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó rí omi.

“Ta ló da epo sí ọkọ̀ yìí?”

“Èmi ni, sà.”

“O lo ìgò?”

“Rárá, sà.”

“Gbé kabúrétọ̀ yìí. Fẹsẹ̀ rìn lọ sí Agodi. Sọ fún olówó ọkọ̀ pé ìwọ lo bà á jẹ́, kó o sì sọ bó o ṣe bà á jẹ́. Iye èèyàn tó bá wà lọ́dọ̀ ẹ̀, níṣojú wọn ni kó o ti sọ ọ́.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi lọ, tàbí kó rán àgbà kan tẹ̀ lé mi. Ó mi orí. Ó ní, “Ọwọ́ tó bà á jẹ́, ẹnu tiẹ̀ náà ló máa sọ ọ́.”

Òfin ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn. Mo rìn láti Beyerunka dé Agodi nínú oòrùn pẹ̀lú irin tí mo fi àkísà wé lábíyá, mo dúró láàárín àwọn akọ̀wé tó wọ táì, mo sọ ọ́. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ojú tì mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn mọ́ títí ó fi kú, nítorí ó ní òun ti rí ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í ti í purọ́ fún òun. Ẹ fi òfin yìí sọ́kàn, nítorí òun ni mo padà wá rú.

Ọdún kan náà ni èmi àti Músílíù wọṣẹ́. Ọmọ àdúgbò Àrẹ̀mọ ni. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọlọ́wọ́ ire nínú iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ó lè dojú kọ ẹ́ńjìnnì, kó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, kó mú sípánà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá jáde nínú àpótí. Kò ní jẹ́ méjìlá, kò ní jẹ́ mẹ́rìnlá. Bí ọmọṣẹ́ kan bá ń tú irin kiri, Ọ̀gá á ní, “Ẹ wo ọwọ́ Músílíù, kẹ́ ẹ kọ́ ọgbọ́n.” Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo sì jowú rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọ̀rẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ohun méjèèjì lè gbé inú ẹnì kan.

Nígbà tí a gba òmìnira iṣẹ́, àwa méjèèjì kò kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ó ń múra àtilọ sí Mẹ́kà lọ́dún yẹn, ó sì ti sọ ọ́ pé kí òun tó lọ, òun yóò fa ṣọ́ọ̀bù lé ọ̀kan nínú wa lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Músílíù ni. Èmi náà mọ̀.

Ọdún yẹn náà ni epo wọ́n tí ọkọ̀ ń sùn sójú títì. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà kan tó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì nílé ẹ̀kọ́ míṣọ́n kan ṣe bá wa dọ́rẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ ìjàpá ló ní, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó wá bá Ọ̀gá pẹ̀lú ìgò ọtí líle kan tí òun fúnra rẹ̀ ti sè tó tún sè, tó fi mọ́ gaara bí omi òjò.

“Ọ̀gá, ọtí tí wọ́n ń pọn níbí náà ni. Mo ti yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fi irú ẹ̀ wa ọkọ̀. Ìrèké ni wọ́n fi ń ṣe é.”

Ọ̀gá ò tilẹ̀ gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀. “Tíṣà, ọtí ni. Ibi tí mo ti ń tún ọkọ̀ ṣe ni mo ti ń kírun. Kò gbọdọ̀ wọ ibí.”

“Kì í ṣe èèyàn ló máa mu ún, Ọ̀gá. Ọkọ̀ ló máa mu ún.”

“Ọkọ̀ ò lẹ́nu tó lè fi tọrọ àforíjì. Èmi ni wọ́n máa bi.”

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo sá tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá lè mú ọkọ̀ rìn láìsí bẹntiróòlù nígbà tí gbogbo Ìbàdàn jókòó sílé, Ọ̀gá yóò rí i pé èmi náà ní ọwọ́. Èmi àti Tíṣà ṣe é nílé rẹ̀. Mo gbẹ́ ihò inú kabúrétọ̀ kó fẹ̀ sí i, nítorí agbára ọtí kò tó ti bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ní láti mu púpọ̀ kó tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Mo yí àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń ṣáná padà díẹ̀. A tẹ̀ ẹ́, ó dáhùn. Mo wà á láti Ọjà'ba gun òkè Mápó lọ́sàn-án gangan, kò wúkọ́, kò sì rú èéfín. Nígbà tí mo yọ púlọ́ọ̀gì, ó mọ́ bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe máa ń gbóná. Mi ò lè fi bí inú mi ṣe dùn tó pamọ́ fún yín. Mo jókòó sínú ìjàpá yẹn lórí òkè, mo ń wo páànù ilé gbogbo ìlú nísàlẹ̀, mo ń rò ó pé ayé mi ti dára.

Tibi tire la dá ilé ayé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi rí apá kejì. Bí ọyẹ́ bá mú láàárọ̀, ìjàpá ò ní jí àyàfi tí mo bá kán bẹntiróòlù sí i lẹ́nu. Ọtí náà ń tètè tán. Ó fọ gbogbo ìpẹtà tó ti wà nínú táǹkì láti ọjọ́ pípẹ́, ó kó o wá dí ihò kabúrétọ̀. Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá wú, ó sì rọ̀. Bí a bá ṣí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sílẹ̀, á máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Gbogbo èyí ni mo lè tún ṣe, mo sì ń tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mi ò rò ni ibi tí mo ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Tíṣà ní òun ò lè fi kẹ́ẹ̀gì ọtí sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé á mu ún. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá fún mi ní ọjọ́ Jímọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, irú kẹ́ẹ̀gì kan náà tí òróró ti tán nínú rẹ̀ la ń lò fún gbogbo nǹkan, ipò wọn la fi ń dá wọn mọ̀: ti epo lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí irinṣẹ́, ti omi àlùwàlá lọ́wọ́ òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ìkírun. Tí mo bá gbé ọtí sọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò Ọ̀gá á tú mi fó láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Omi àlùwàlá nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Mo gbé e síbẹ̀. Mo ní bí Ọ̀gá bá ti lọ sí mọ́sálásí, kí oòrùn tó yẹ̀, màá ti dà á sínú ìjàpá.

Ọ̀gá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ó ku èmi lábẹ́ ọkọ̀ kan, Músílíù tó ń nu ọwọ́ kó lè lọ kírun, àti wẹ́dà kan tó ń jó irin abẹ́ ọkọ̀ mìíràn pọ̀. Iná wẹ́dà ta sórí tìmùtìmù ọkọ̀ náà, fóòmù rẹ̀ sì gbiná. Iná kékeré ni. Yanrìn la máa ń dà sí iná epo, ṣùgbọ́n tìmùtìmù kì í ṣe epo, omi ló yẹ ẹ́, Músílíù sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yí padà, ó na ọwọ́ sí òsì, ó gbé kẹ́ẹ̀gì.

Mo rí i. Láti abẹ́ ọkọ̀ tí mo wà, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lọ sí òsì, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbé e. Mo la ẹnu. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló dá mi dúró tàbí ìtìjú pé wẹ́dà á gbọ́ pé ọtí wà nínú kẹ́ẹ̀gì àlùwàlá. Kí ohùn mi tó jáde, ó ti dà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú epo yìí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Iná ọtí kì í pọ́n bí iná bẹntiróòlù. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ojú kì í fẹ́ẹ̀ rí i. Tìmùtìmù bú gbàmù, ìyẹn la rí. Ohun tí a kò rí ni iná tó ti gba apá Músílíù méjèèjì. Ó ń fò sókè, ó ń gbọn ọwọ́, ó ń lu ara rẹ̀, ó ń ké, “Iná! Iná ń jó mi!” Wẹ́dà dúró, ó ń wò ó.

“Iná dà? Músílíù, iná dà?”

Èmi nìkan ló mọ iná tó ń jó o. Mo rá jáde lábẹ́ ọkọ̀, mo fi ẹní ìkírun wé e, mo yí i mọ́ inú yanrìn. Ó ti pẹ́ jù. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bá ẹní náà lọ.

Nígbà tí Ọ̀gá dé láti mọ́sálásí, wọ́n ti gbé Músílíù lọ sí ọsibítù. Kẹ́ẹ̀gì ti yọ́, kò ku ohun tí ìgò lè yẹ̀ wò. Ọ̀gá dúró láàárín ọ̀tún àti òsì.

“Kẹ́ẹ̀gì wo ló gbé?”

Wẹ́dà ní, “Mi ò ṣàkíyèsí, Ọ̀gá. Ó ní láti jẹ́ ti epo. Omi ò kúkú ń gbiná.”

Ọ̀gá yí sí mi. “Làsísì, o wà ńbẹ̀.”

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti fẹsẹ̀ rìn lọ sí Agodi tèmi. Mo ní, “Abẹ́ ọkọ̀ ni mo wà, sà. Mi ò rí i.”

Nígbà tí Ọ̀gá bi Músílíù lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú gbogbo ìrora tó wà nínú rẹ̀, ó ní, “Òsì ni mo lọ, sà.” Ó tún ní, “Àbí ọ̀tún ni? Mi ò mọ̀ mọ́.” Ọ̀rọ̀ kejì yẹn ni gbogbo ayé mú. Mo wà níbẹ̀, mo mú àwo omi tí wọ́n ń kán sí i lẹ́nu dání, mi ò sì sọ nǹkan kan. Mo sọ fún Tíṣà pé Ọ̀gá ti mọ̀, pé kó má wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́ mìíràn.

Ọ̀gá fa ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́, ó lọ sí Mẹ́kà. Nígbà tó dé, ó gbé ọdún díẹ̀ lókè eèpẹ̀, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Músílíù ló ṣi kẹ́ẹ̀gì gbé. Èyí tó burú jù ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọṣẹ́ ń sọ. Ọwọ́ Músílíù tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn tẹ́lẹ̀ di èébú. Bí ọmọṣẹ́ kan bá mú irin tí a kò rán an, wọ́n á ní, “Ṣé ọwọ́ Músílíù lo ní ni?” Èébú náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa, ó dé Ògùnpa, ó dé gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Àwọn tí kò mọ̀ pé ènìyàn kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ ọ́. Àkọ́bí Músílíù fẹ́ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ó lo oṣù kan, ó gbọ́ ọ, ó padà sílé, ó sì di aránṣọ.

Músílíù di ládàánì ní mọ́sálásí kékeré kan ní Àrẹ̀mọ. Ohùn rẹ̀ ló kù tó lè fi ṣiṣẹ́. Gbogbo ọdún Iléyá ni mo ń mú ẹran lọ fún un, á sì wí lójú gbogbo agbo ilé wọn pé, “Ẹ wo Làsísì. Òun nìkan ni kò pa mí tì.” Mo máa ń jẹun níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ẹ má ṣe rò pé mo gbàgbé.

Ayé yí, irinṣẹ́ yí. Kabúrétọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fọ́n epo dé, lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Mo di Bàbá Kabú tí kò rí kabúrétọ̀ tún ṣe. Inú bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́fà kọ́, Tájù fi okùn kan so mọ́ ọkọ̀, ó ń kà á lójú gíláàsì. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun kan wà tó lè mọ̀ fúnra wọn bí ọtí ṣe pọ̀ tó nínú epo, kí wọ́n sì tún ara wọn ṣe. Rọ́bà wọn kì í wú. Ohun tí mo fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ ní bòókẹ́lẹ́, ilé iṣẹ́ ti ń ṣe é ní gbangba.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ fún Ṣẹ̀rífá lọ́jọ́ tó kúnlẹ̀ sí iwájú mi. Mo ní epo náà dára: ilẹ̀ wa ló ń hù ú jáde, kò ní èéfín púpọ̀, ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mọ́. Mo ní ó ní aléébù: kò lágbára tó bẹntiróòlù, ó ń tètè tán, kò fẹ́ òtútù, kò fẹ́ omi, ọkọ̀ àtijọ́ kò sì lè gbà á láìyí nǹkan padà. Mo ní kó bi àwọn tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ léèrè bóyá ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa lò kì í ṣe èyí tí ìyá ẹnì kan ìbá fi ṣe gàrí. Mo rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀.

“Bàbá, níbo lẹ ti mọ gbogbo èyí?”

Mo sọ fún un. Ó gbọ́ ọ látòkè délẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ta ló tún mọ̀?”

“Ọlọ́run.”

“Bàbá Músílíù ńkọ́?”

“Kò mọ̀.”

Ó wolẹ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. “Nígbà tí mo fọ́ dígí ọkọ̀ aládùúgbò wa ní kékeré, ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ sọ ọ́ fúnra mi. Ẹ ní ọwọ́ tó bà á jẹ́, ẹnu tiẹ̀ náà ló máa sọ ọ́.”

Mo bú sẹ́kún. Ṣé àgbàlagbà ò gbọdọ̀ sunkún ni? Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, tèmi sì ti lọ ju ogún lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣẹ̀rífá mú mi dé Àrẹ̀mọ. Músílíù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé wọn, ó gbé ọwọ́ lé itan. Ìka méjì péré ló dá dúró lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìyókù lẹ̀ mọ́ra wọn.

“Làsísì! Iléyá kọ́ yìí. Ṣé kò sí o?”

Mi ò jókòó. Mo ní, “Músílíù, òsì lo lọ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo gbé ọtí Tíṣà sáàárín kẹ́ẹ̀gì àlùwàlá. Mo rí ọ tó o gbé e, mi ò pariwo. Ọ̀gá bi mí, mo purọ́.”

Kò wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè, mo ti múra sílẹ̀ kó lé mi jáde. Ìbéèrè kan ló bi mí.

“Ọwọ́ mi ò ṣì?”

“Ọwọ́ rẹ ò ṣì.”

“Tún un wí.”

Mo tún un wí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, òun kò tíì gbé ife omi sẹ́nu rí láìkọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, nítorí òun kò fọkàn tán ọwọ́ òun mọ́. Ó ní lórí ẹní ìkírun, àṣìṣe ọwọ́ náà ni òun ń tọrọ àforíjì fún, ọdún dé ọdún. Inú bí i nígbà náà, ó bí i gidi. Ó ní, “Ìwọ jẹ́ kí n máa tọrọ àforíjì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ, Làsísì.”

Ó tún ní, “Mi ò tíì ní mo dárí jì ọ́. Ọ̀gá wa lófin. Ibi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ mi bú èèyàn, ibẹ̀ ni kó o ti sọ ọ́. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ ò bá lè dé, kọ ọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀.”

Ìdí nìyí tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin mẹkáníìkì níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ má fi ọwọ́ Músílíù bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ti Ṣẹ̀rífá, mo ní kó gba iṣẹ́ náà. Mo ní ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó bá wọn jà fún ni kí wọ́n pa epo náà láró, kó má mọ́ gaara bí omi mọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tó jẹ́ sára ohun tí wọ́n bá rọ ọ́ sí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ni òun máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ níwájú wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Músílíù wá sí Beyerunka. Láti ọjọ́ tí iná ti jó o, kò tíì tẹ ibẹ̀. Tájù pe gbogbo àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ládùúgbò. Mo dúró láàárín ọ̀tún àti òsì, ibi tí Ọ̀gá dúró sí, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín bíi ti Agodi. Àwọn kan wolẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn dọ̀bálẹ̀ fún Músílíù.

Músílíù fẹ̀yìn sí àpótí irinṣẹ́, àpótí Ọ̀gá kan náà, tí Tájù ṣì ń to irin inú rẹ̀ bí a ṣe ń tò ó láyé ìjọ́un. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn. Ìka méjì yẹn rá lórí irin díẹ̀díẹ̀, ó dúró lórí ọ̀kan. Kò lè gbé e.

Ó ní, “Mẹ́tàlá ni?”

Tájù tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Mẹ́tàlá ni, Bàbá.”